Ríra Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò Sípọ́ọ̀tì Àtijọ́ àti Títún Un Ṣe ní Ogbómọ̀ṣọ́: Ibi Tí Owó Ń Lọ

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ra ẹ́ńjìnnì mọ́tò sípọ́ọ̀tì àtijọ́, mo rò pé mo ti ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí n óò ná. Ẹ́ńjìnnì MGB ni, mọ́tò sípọ́ọ̀tì kékeré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan lójú ọ̀nà Ìlọrin ní Ogbómọ̀ṣọ́ níbí, wọ́n fi ògbólógbòó páànù bò ó, adìyẹ kan sì ń sàba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí tí mo ṣí ìwé kékeré tí mo ń kọ ìnáwó sí, owó tí mo fi rà á kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́fà ohun tí mo ná lápapọ̀. Àwọn ohun tí ojú kò rí lọ́jọ́ ìdúnàádúrà ló kó ìyókù lọ: iṣẹ́ tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin), písítìn, bẹ́ríìnì, owó ọkọ̀ òfúrufú, àti àṣìṣe kan tí n óò sọ nígbà tí a bá dé ibẹ̀. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa, níbi tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò wọ́n, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ tó ń gé irin géérégé kò pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ béèrè irú sílíńdà tó ní

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ mọ́tò àti ẹwà rẹ̀. Ní tèmi, ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni pé, bí ihò tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀ bá ti jẹ, báwo ni a ṣe ń tún un ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ náà lè parí ní Ogbómọ̀ṣọ́, tàbí ẹ óò máa gbé irin tó wúwo lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, tí ẹ óò sì máa sanwó ní gbogbo ibi tí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Oríṣi kan wà tí sílíńdà rẹ̀ jẹ́ sílíìfù tó ṣeé yọ, tí omi ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Àwọn mẹkáníìkì wa mọ irú èyí bí ẹni mowó láti ara Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Ẹ́ńjìnnì 1971 cc rẹ̀ (cc ni ìwọ̀n àyè tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀) ní písítìn tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ milimítà 88, wọ́n sì máa ń ta sílíìfù, písítìn àti ríìngì rẹ̀ pọ̀ nínú páálí kan. Bí ó bá ti jẹ, a ó yọ ti àtijọ́, a ó sì ti tuntun bọ ibẹ̀, láìjẹ́ pé tọ́nà kankan gbẹ́ nǹkan kan. 504 Coupé, tí ilé-iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ya àwòrán ara rẹ̀, ń lo irú ẹ́ńjìnnì yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Triumph TR àkọ́kọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: TR2 tó jáde ní 1953 jẹ́ 1991 cc, TR4 ti 1961 sì jẹ́ 2138 cc. Ìdílé kan náà ni ẹ́ńjìnnì Triumph yìí àti èyí tí ilé-iṣẹ́ Standard ṣe fún katakata Ferguson àtijọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí orúkọ sípọ́ọ̀tì dẹ́rù ba òun.

Oríṣi kejì ni èyí tí afẹ́fẹ́ ń tù, tí sílíńdà rẹ̀ dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan bí agolo. Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá ni àgbà wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Èkó ní 1975. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní 1600 nínú wọn jẹ́ 1584 cc, písítìn rẹ̀ fẹ̀ dé milimítà 85.5, irú ẹ́ńjìnnì náà ló sì wà lẹ́yìn Karmann Ghia, tí ó rí bí mọ́tò sípọ́ọ̀tì pọ́nńbélé. Agolo sílíńdà mẹ́rin àti písítìn mẹ́rin ni a máa ń rà pọ̀. Ibi tí ewu rẹ̀ wà ni ikùn ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ ìlàjì méjì tí a dè pọ̀: bí bẹ́ríìnì bá ti ń jó nínú ilé rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ihò tó gbé e dúró yóò ti fẹ̀, ẹ̀rọ pàtó ni wọ́n sì fi ń tún ibẹ̀ gbẹ́. Porsche 911 àtijọ́ jẹ́ ìbátan rẹ̀ ní ti ìlànà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ti owó. Sílíńdà mẹ́fà ló ní. Ikùn èyí tí wọ́n ṣe láti 1968 sí 1977 jẹ́ magnísíọ̀mù, àwọn bóòtì tó di tọ́ọ̀pù sílíńdà mú sì máa ń fà yọ kúrò nínú rẹ̀ bí ó bá ti gbóná fún ọdún púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó wọ́pọ̀ kí owó títún un ṣe kọjá 20,000 dọ́là. Ẹni tí kò bá ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, kí ó máa wò ó lójú pópó, kí ó sì máa gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Oríṣi kẹta ni wọ́n gbẹ́ ihò sílíńdà sínú búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀. MGB tí wọ́n ṣe láti 1962 sí 1980, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1798 cc, wà nínú wọn. Datsun 240Z tó ní sílíńdà mẹ́fà àti 2393 cc náà wà níbẹ̀. Irú èyí kò ṣeé tún ṣe láìsí tọ́nà: bí ihò bá ti jẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ gbòòrò kí a tó ki písítìn tó tóbi jù bọ̀ ọ́. Bí mo bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, oríṣi kìíní tàbí ìkejì ni n óò mú. MGB ni mo mú, nítorí pé òun ni mo rí.

Ìgbésẹ̀ kejì: àyẹ̀wò kí owó tó jáde

Ẹ mú sípánà ńlá kan tó lè bá nọ́ọ̀tì iwájú kiráńkì (ọ̀pá tí písítìn ń yí) mu dání, àti tọ́ọ̀ṣì, gééjì tí a fi ń wọn agbára sílíńdà, àti ìwé ìkọ̀wé. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú ọ̀gá mẹkáníìkì kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dání. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ lórí kábúrétọ̀ àti kọ́ńtáàtì ti ń dínkù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà láti wo àìsàn mọ́tò kò ní ibi tí wọ́n máa ki okùn bọ̀ lára ẹ́ńjìnnì yìí.

Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ojú rẹ̀, kí ẹ fi wé ìwé mọ́tò, nítorí ìbéèrè àwọn ọlọ́pàá àti nítorí iye tí mọ́tò náà máa tó. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ra mọ́tò àtijọ́ máa ń san owó lé e bí ó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tó bá a kúrò ní ilé-iṣẹ́ náà ló ṣì wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tún ń sọ ohun tó wà nínú ikùn. Fún MGB, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 18G tàbí 18GA ní bẹ́ríìnì mẹ́ta tó gbé kiráńkì dúró; láti orí 18GB, tó jáde ní ìparí 1964, bẹ́ríìnì márùn-ún ni. Ẹrù, ìyẹn àwọn ohun tí a fi ń pààrọ̀ èyí tó bá jẹ, ti oníbẹ́ríìnì márùn-ún rọrùn láti rí ju ti mẹ́ta lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ gbogbo pulọ́ọ̀gì, kí ẹ fi sípánà yí kiráńkì. Bí ó bá yí, ó dára. Bí ó bá gan, kò túmọ̀ sí pé ó ti kú. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, òjò ló gba ẹnu kábúrétọ̀ wọlé, tí ríìngì sì dìpẹtà mọ́ ara sílíńdà níbi kan ṣoṣo. A máa ń po díísù àti ọ́ìlì gíá ọ́tò pọ̀, a ó dà á sínú ihò pulọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó rọra mì í síwá sẹ́yìn. Ẹni tó bá fi òòlù lu písítìn láti òkè ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ owó. Ẹ́ńjìnnì tó gan ni kí ẹ rà ní iye irin àti àwọn ohun tí a so mọ́ ọn, ẹ má ṣe ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sí nǹkan kan.

Ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá ní àwọ̀ tíì tí a bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀: ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù ló jó, ó sì lè jẹ́ pé irin ló sán. Iyàtọ̀ owó àárín méjèèjì pọ̀ gan-an, ojú kò sì lè yà á sọ́tọ̀ láti ìta. Nítorí náà, kí ẹ fi ojú èyí tó burú jù dá iye lé e.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó gbóná, kí ẹ yọ gbogbo pulọ́ọ̀gì, kí ẹnì kan tẹ tọ́rọ́tù dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì fi sítátà yí i nígbà tí gééjì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe bí nọ́ńbà náà ṣe ga nìkan ni ó ṣe pàtàkì, bí wọ́n ṣe súnmọ́ ara wọn ṣe pàtàkì jù: bí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí àwọn yòókù, àìsàn wà níbẹ̀. Ẹ bu ọ́ìlì ṣíbí kan sínú èyí tó kéré náà, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bí nọ́ńbà bá gòkè, ríìngì àti sílíńdà ló jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni kò jókòó dáadáa, owó ìyẹn sì kéré sí ti àkọ́kọ́ púpọ̀. Lórí MGB tó ti gbóná, gééjì ọ́ìlì yẹ kí ó wà láàárín 50 sí 80 psi (ìwọ̀n agbára tí ọ́ìlì fi ń tì) bí ẹ bá ń wa á, kí ó sì wà láàárín 10 sí 25 bí ó bá ń kùn lásán. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kiráńkì àti bẹ́ríìnì ń ránṣẹ́ sí yín.

Ẹ ka ohun tí kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Kábúrétọ̀ SU méjì, páìpù tó gbé wọn dúró, dísítíríbútọ̀, fuláiwíìlì, ẹ̀rọ sítátà: ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì fún yín lè ti tà sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu sọ iye tí ẹ máa san.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìdúnàádúrà

N kò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí pé ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ kò nílò ẹni tó máa kọ́ ọ ní nínáa ọjà. Ohun kan péré ni kí ẹ mọ̀. Òfin àwọn aṣọ́bodè kò gbà kí a kó mọ́tò tòkunbọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ọdún 12 lọ wọ orílẹ̀-èdè yìí, nítorí náà àwọn mọ́tò àtijọ́ tó wà nílẹ̀ níbí ni a ó máa pín láàárín ara wa. Olówó ẹ́ńjìnnì yóò sọ fún yín pé kò sí irú rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ náà ju ẹ̀yin àti ènìyàn méjì mìíràn lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: títú u

Agolo mílíìkì àti páálí ẹyin ni ohun èlò tó dára jù fún iṣẹ́ yìí, owó wọn kò sì tó nǹkan. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú ohunkóhun, kí ẹ kó bóòtì ibì kan sínú agolo kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ibẹ̀ sí i lára. Ìdérí bẹ́ríìnì kiráńkì àti ti kọ́ńrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kiráńkì) ni kí ẹ ṣọ́ jù, nítorí pé ilé-iṣẹ́ gbẹ́ ihò wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti dè wọ́n pọ̀. Bí ìdérí kejì bá lọ sí ipò kẹta, tàbí tí ẹ bá dojú ọ̀kan kọ ẹ̀yìn, ihò náà kò ní róbótó mọ́, bẹ́ríìnì tuntun yóò sì jó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ tó fi ọwọ́ kàn wọ́n, ẹ fi pọ́ǹṣì sàmì sí gbogbo wọn: àmì kan fún èkíní, méjì fún èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: wíwọ̀n, níbi tí ìṣirò tòótọ́ ti bẹ̀rẹ̀

Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ wá ibi tí irin ti sán, nítorí kò sí ìdí tí a ó fi wọn búlọ́ọ̀kù tó ti kú. Ọ̀nà tí àwọn àgbà ń lò kò gbówó rárá. Ẹ fọ irin náà títí yóò fi mọ́ tónítóní, kí ẹ fi kẹrosíìnì pa á lára, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá gún ṣọ́ọ̀kì kúnná, kí ẹ sì fọ́n ọn sí i bí ìgbà tí ìyá ń fọ́n páúdà sí ọmọ lára. Ní ibi tí irin bá ti sán, kẹrosíìnì tó ti sá pamọ́ sínú rẹ̀ yóò máa sun jáde díẹ̀díẹ̀, yóò sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúdú sí ojú ṣọ́ọ̀kì funfun náà. Mo jókòó ti tọ́ọ̀pù sílíńdà tèmi ní ọjọ́ Sátidé kan, mo rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mo dìde lọ mu omi. Nígbà tí mo padà dé, ìlà kan ti fà láàárín ìjókòó fáàfù méjì, ó gùn tó èékánná. Ìlà yẹn gba owó tọ́ọ̀pù sílíńdà mìíràn lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti gbé ti àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ tọ́nà tí ó sì fá a lójú, owó iṣẹ́ yẹn náà ì bá ti wọgbó.

Lẹ́yìn èyí ni maikirómítà, ohun tí a fi ń wọn irin géérégé, tó kàn. Ẹ wọn ọrùn kiráńkì kọ̀ọ̀kan ní òró àti ní ìbú, ní iwájú àti ní ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àwọn nọ́ńbà náà bá yàtọ̀ síra, ọrùn náà kò róbótó mọ́, a ó sì gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́. Ti MGB ni a ń lọ̀ ní ìpele tí wọ́n ń pè ní 10, 20, 30 àti 40, ìyẹn ni iye ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì tí wọ́n yọ kúrò lára rẹ̀, bẹ́ríìnì tó nípọn sí i sì wà fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ẹ̀yìn bẹ́ríìnì àtijọ́ tí ẹ yọ: bí ẹ bá rí 030 tàbí 040 níbẹ̀, ẹnì kan ti lọ̀ ọ́ ṣáájú yín, ó sì lè jẹ́ pé ibi tí ọ̀nà pin sí ni ẹ ti bá a. Sílíńdà náà ni kí ẹ wọ̀n ní òkè, ní àárín àti ní ìsàlẹ̀. Òkè ló máa ń jẹ jù. Bí èékánná yín bá kọ́ etí kan ní ibi tí ríìngì òkè ń dé, kò dìgbà tí ẹ bá rí maikirómítà kí ẹ tó mọ̀ pé iṣẹ́ tọ́nà ti dé.

Bí ẹ kò bá ní maikirómítà, ẹ yá a, tàbí kí ẹ sanwó fún ẹni tó ní in. Nínú gbogbo owó tí mo ná, èyí tí mo san fún wíwọ̀n ló kéré jù, òun ló sì gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó tó pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹrù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ yín kí tọ́nà tó gbẹ́ ohunkóhun

Ibí ni àṣìṣe tèmi wà. Lẹ́yìn tí mo ti wọn sílíńdà, mo gbé búlọ́ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ tọ́nà kan, ó sọ pé bí òun bá gbẹ́ ẹ dé 40 (ìyẹn ìdá ogójì nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ), gbogbo ohun tó jẹ yóò parẹ́, mo gbà, ó sì gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo wá fẹ́ ra písítìn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 40 ti tán lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. 60 ló kù. Mo dúró fún oṣù mẹ́ta, kò dé. Ni mo bá gbé búlọ́ọ̀kù padà lọ, mo tún sanwó, wọ́n gbẹ́ ẹ dé 60. Ìpele tó gbẹ̀yìn nìyẹn. Ẹni tó bá tún ẹ́ńjìnnì náà tú lọ́jọ́ iwájú yóò ní láti ki sílíìfù bọ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. N kò dá tọ́nà lẹ́bi; iṣẹ́ tí mo gbé fún un ló ṣe. Nítorí náà, písítìn kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni gbígbẹ́. Bẹ́ríìnì kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni lílọ̀. Kí tọ́nà fi maikirómítà wọn písítìn tó wà lọ́wọ́ yín gan-an, kì í ṣe èyí tí a kọ sí ara páálí.

Ní ti owó, dọ́là ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò, kí ẹ tó yí i sí náírà ní ọjọ́ tí ẹ máa san án. Ṣáájú oṣù Okúdù 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦460 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Èrèlé 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹrù 600 dọ́là tí ì bá gba ₦276,000 ti di ₦900,000 láàárín oṣù mẹ́sàn-án, kò sì sí ohun tó yí padà lára písítìn náà. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́, kí ó kọ́kọ́ ra ohun tó ń ti òkè òkun wá, kí ó sì dá owó iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń san ní náírà sí ìkẹyìn. Owó ọkọ̀ òfúrufú ń tẹ̀lé ìwọ̀n: gásíkẹ́ẹ̀tì, ríìngì àti bẹ́ríìnì fúyẹ́, wọ́n sì lè bá ọmọ ìyá yín tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù dé nínú àpótí aṣọ, kiráńkì àti fuláiwíìlì kì í ṣe ohun tí a ń bẹ ènìyàn kí ó bá wa gbé.

Kì í ṣe ohun gbogbo ló gbọ́dọ̀ ti òkè òkun wá. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù bẹ́ríìnì àti ọ́ìlì síìlì ni wọ́n ní ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára wọn. Bọ́ọ̀lù bẹ́ríìnì tí a kọ 6203 sí lára, ihò àárín rẹ̀ jẹ́ milimítà 17, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 40, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 12, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é. Bí ẹ bá dé ọjà ẹrù mọ́tò ní Àrárómì ní Gáàtì Ìbàdàn, tàbí Ladipo ní Èkó, tí ẹ sọ pé ẹrù MGB lẹ fẹ́, wọn yóò rẹ́rìn-ín sí yín, tàbí kí wọ́n dá iye tó ga lé e. Ẹ sọ nọ́ńbà, ẹ má dárúkọ mọ́tò.

Ìgbésẹ̀ keje: lọ́dọ̀ tọ́nà

Ẹ béèrè iye iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀: gbígbẹ́ sílíńdà, lílọ̀ kiráńkì, fífá ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà kí ó lè tẹ́jú, àti ìjókòó fáàfù. Iye àpapọ̀ kan ṣoṣo tí a dá lé gbogbo iṣẹ́ máa ń fi ìdí ohun tí wọn kò ṣe pamọ́. Bí ó bá gbẹ́ sílíńdà tán, ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa dán bíi dígí. Ó gbọ́dọ̀ ní ìlà tín-ín-rín tó ń dábùú ara wọn, nítorí inú àwọn ìlà wọ̀nyẹn ni ọ́ìlì ń dúró sí tí ríìngì yóò fi mọ ilé rẹ̀.

Ìjókòó fáàfù gba ìnáwó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Nígbà tí wọ́n ṣe àwọn ẹ́ńjìnnì yìí, òjé wà nínú epo bẹntiróòlù, òjé yẹn ló sì ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù tí èéfín ń gbà jáde. Kò sí irú epo bẹ́ẹ̀ mọ́ fún mọ́tò ojú títì. Àlgéríà ló tà á gbẹ̀yìn ní gbogbo ayé, ní oṣù Agẹmọ 2021. Bí tọ́ọ̀pù sílíńdà onírin dúdú bá ti wà lórí tábìlì tọ́nà, ẹ jẹ́ kí ó fi òrùka irin líle sí ìjókòó wọ̀nyẹn. Owó rẹ̀ kéré nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní títú ju ìgbà tí ẹ bá tún gbọ́dọ̀ tú u lẹ́yìn ọdún méjì lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: títò ó padà

Tọ́nà yóò dá búlọ́ọ̀kù padà pẹ̀lú èérún irin nínú gbogbo ihò ọ́ìlì. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù. Ẹ fi aṣọ funfun nu inú sílíńdà, bí aṣọ náà kò bá dúdú mọ́ ni ó tó mọ́. Ẹ tètè fi ọ́ìlì pa á kí ó tó dìpẹtà. Àkókò ọyẹ́ ni mo tò tèmi, ìyẹn kò sì bọ́gbọ́n mu, nítorí pé eruku Ogbómọ̀ṣọ́ ní oṣù Kejìlá kì í jẹ́ kí ohun tí a fi ọ́ìlì pa wà ní mímọ́ fún wákàtí kan. Bí ẹ bá lè dúró de òjò àkọ́kọ́, ẹ dúró.

Ẹ ti ríìngì kọ̀ọ̀kan bọ sílíńdà rẹ̀ láìsí písítìn, kí ẹ sì wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Ìlànà tí a ń tẹ̀lé ni ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì fún ínṣì kan tí sílíńdà bá fẹ̀. Fún MGB tí fífẹ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní ínṣì mẹ́ta, ó jẹ́ nǹkan bí milimítà 0.3. Bí àlàfo bá kéré jù, ẹnu ríìngì yóò pàdé nígbà tó bá gbóná, yóò sì ṣẹ́. Ẹ yá tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì, sípánà tó ń wọn bí a ṣe de bóòtì le tó, ẹ má ṣe gbọ́ ti ẹni tó bá sọ pé ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n. Bóòtì bẹ́ríìnì kiráńkì MGB jẹ́ 70 lb ft, ti kọ́ńrọ́ọ̀dù jẹ́ 35 sí 40, nọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà sì jẹ́ 45 sí 50. Àárín ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í de tọ́ọ̀pù lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìpele mẹ́ta. Lẹ́yìn gbogbo ìdérí tí ẹ bá dè, ẹ fi ọwọ́ yí kiráńkì. Bí ó bá le lẹ́yìn èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dè, òun náà ni kí ẹ tú wò, ẹ má ṣe tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: títan án fún ìgbà àkọ́kọ́

Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, kí ẹ fi sítátà yí i títí gééjì ọ́ìlì yóò fi dìde, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dá pulọ́ọ̀gì padà. Bí ẹ bá ti fi kámúṣáàfù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) tuntun sí i, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó máa kùn lásán bí ó bá ti tan: ẹ gbé e sí nǹkan bí 2,000 rpm (iye ìgbà tí kiráńkì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) fún ogún ìṣẹ́jú, nítorí pé ọ́ìlì tí kiráńkì ń ta sókè ni kámúṣáàfù ń mu, kì í sì í ta dáadáa bí ó bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́. Kí ọ́ìlì náà jẹ́ irú èyí tí a kọ síńkì sí ara agolo rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì òde òní ti dín in kù.

Ẹ máa wa á fún 800 kìlómítà àkọ́kọ́ láìtẹ̀ ẹ́ gidi, kí ẹ sì máa yí eré rẹ̀ padà. Ẹ má ṣe fi í sí orí eré kan ṣoṣo. Ọ̀nà Ogbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin tó mi, mo máa ń lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù kí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó pọ̀, mo sì máa ń yà lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà láti fi ọwọ́ kan rédíétọ̀ àti láti wo abẹ́ mọ́tò. Lẹ́yìn náà, ẹ da ọ́ìlì yẹn nù pẹ̀lú fílítà rẹ̀, kí ẹ fi ayùn la fílítà náà, kí ẹ tẹ́ bébà inú rẹ̀ sójú oòrùn. Èérún tó ń dán bí eruku kì í ṣe nǹkan tuntun. Èyí tí ìka lè mú ni bẹ́ríìnì tàbí kámúṣáàfù tó ti ń jẹ. Ẹ tún fi tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì kan nọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí ẹ sì wo àlàfo fáàfù lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó kù ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ìpele tí wọ́n gbẹ́ sílíńdà dé, ìpele tí wọ́n lọ̀ kiráńkì dé, nọ́ńbà bẹ́ríìnì àti ti ríìngì, ọjọ́, àti iye kìlómítà tó wà lórí mọ́tò. Mo gé ẹ̀gbẹ́ páálí písítìn tèmi tí a kọ 60 sí, mo fi lẹ̀ mọ́ èèpo ẹ̀yìn ìwé ìnáwó náà, mo sì fi í sínú àpótí kékeré tó wà níwájú mọ́tò.